Ṣí Ojú Kámẹ́rà Sílẹ̀ Kí Iná Kọjá

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọyẹ́ dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, àwọn ọmọdé a máa wá kànìnkàn onírin kiri inú ilé, èyí tí àwọn ìyá fi ń ha ìdí ìkòkò. Wọ́n á tú u kí atẹ́gùn lè ráàyè wọ inú rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ẹnu wáyà, wọ́n á ṣáná sí i. Ẹni tó láyà jù nínú wọn á wá bọ́ sí gbangba, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì í. Iná á máa ta pàràpàrà sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, ariwo àwọn tó kù á gba àdúgbò. Ẹni tí kò rówó ra nọ́kàótù náà ń ṣọdún nìyẹn. Bákan náà ló rí ní Ọ̀yọ́, láti Owódé títí dé Akẹ̀sán.

Irin tí wọ́n fi ṣe kànìnkàn náà tín-ín-rín gan-an, irin tó bá sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ ń jó bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i. Èyí tó bá já nínú rẹ̀ á fò lọ, á pọ́n, á kú. Àwa tí a ń wòran á rí òbìrìkìtì iná tó dúró gbọn-in yí ọmọ náà ká. Kò sì sí òbìrìkìtì kankan níbẹ̀. Iná kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wáyà, ojú kan ṣoṣo ló sì ń wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú wa ni kò tètè gbàgbé ibi tí iná ti kọjá, ló fi dà bíi pé ó yí po.

Ẹni tí èyí bá yé ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Kámẹ́rà náà kì í tètè gbàgbé, àní tirẹ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Bí a bá ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, gbogbo ibi tí iná bá gbà kọjá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 10 náà ni yóò hàn lórí àwòrán, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ya àwọn iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lóru ọdún tuntun ní Èkó, ní London, ní Sydney, tí a máa ń rí nínú ìwé ìròyìn tí a sì máa ń rò pé kámẹ́rà olówó gegere nìkan ló lè yà á. Irọ́ ni. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí lẹ́ńsì kékeré tó bá a wá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ lè yà á dáadáa.

Ohun tó ń dí àwọn ayàwòrán wa lọ́wọ́ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú ti kọ́ wọn ní òdìkejì èyí. Ẹni tó bá ń ya ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà tàbí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege ní LAUTECH gbọ́dọ̀ yára. Ẹni tó ń náwó fún onílù kò ní dúró dè é. Ó gbọ́dọ̀ tan fláàṣì, kó tẹ̀ ẹ́ kíá, kó ká ẹ̀rín mọ́ni lẹ́nu kó tó parẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n yìí púpọ̀, nítorí òun ló ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nínú ìlú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ mú un dé ibi tí iná ti ń tú lójú ọ̀run, ẹ ó rí i bó ṣe máa já yín kulẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1855, nítorí náà òru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá kì í ṣe òru oorun níbẹ̀. Bí ìsìn àìsùn bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí aago méjìlá lù, ẹ̀yìn ìyẹn ni ìró á sọ látìhín látọ̀hún, tí iná á gbéra láti ẹ̀yìnkùlé kan, tí yóò gòkè fùù, tí yóò sì tanná. Ayàwòrán á gbé kámẹ́rà sókè. Fláàṣì rẹ̀ á mọ́lẹ̀ yòò, ṣùgbọ́n fláàṣì kì í dé ju ìwọ̀n mítà díẹ̀ lọ, iná tó ń yà wà lókè réré. Èéfín àti eruku ọyẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni fláàṣì á tàn sí. Lẹ́ńsì á máa wá ohun tí yóò dì mú nínú òkùnkùn, á lọ síwájú, á tún padà sẹ́yìn, òdòdó iná á sì ti kú kí ó tó rí i. Kámẹ́rà tó ń dá ìpinnu ṣe fúnra rẹ̀ á rò pé òkùnkùn ni wọ́n ní kí òun yà, á wá fi agbára gba ìmọ́lẹ̀ tí kò sí, ojú ọ̀run á di eérú. Ohun tó kù lórí àwòrán ni àmì tótòtó bíi mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kámẹ́rà àwọn ni kò dára.

Ẹ jẹ́ kí n fi omi ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ká sọ pé ọmọ kan ru korobá tó ń jò láti ìdí kànga, ó sì ń sáré gba àárín àgbàlá kọjá. Ojú kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ á gba ẹ̀kán omi kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè dúró wo àgbàlá náà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ lè wò ó fún wákàtí kan, ojú ibẹ̀ kò ní tutù ju bí ọmọ yẹn ti fi í sílẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí ibẹ̀ tutù sí i ni pé kí ihò ìdí korobá tóbi ju bó ti wà lọ. Ṣùgbọ́n tí ó bá gbé korobá náà kalẹ̀ sójú kan, adágún omi á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ni, bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe máa tóbi tó.

Iná tó ń tú ká lójú ọ̀run ni ọmọ tó ń sáré yìí. Iná òpópónà, gílóòbù iwájú ṣọ́ọ̀bù, ìmọ́lẹ̀ ìlú tó ràn mọ́ ojú sánmà, àwọn ni korobá tí wọ́n gbé kalẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fi ojú kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ́, àwọn ohun tí kò kúrò lójú kan ló ń mọ́lẹ̀ sí i. Ìlà iná kò ní mọ́lẹ̀ sí i, yóò kàn gùn sí i ni, òmíràn á sì dé bá a. Ihò inú lẹ́ńsì àti ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó, ló ń pinnu bí iná fúnra rẹ̀ ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó mọṣẹ́ sọ̀rọ̀, èyí ni kì í tètè wọ̀ wọ́n létí, nítorí nínú iṣẹ́ gbọ̀ngàn àríyá, bí o bá fi àkókò kún un, gbogbo nǹkan ló ń mọ́lẹ̀ sí i pa pọ̀.

Ó yá, ẹ yí kámẹ́rà sí M, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín á ti máa yan gbogbo nǹkan. Ẹ fi ISO sí 100. Ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/8 tàbí f/11; ẹ rántí pé bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 4. Ẹ pa fláàṣì. Gbogbo kámẹ́rà tí à ń wí yìí gbọ́dọ̀ wà lórí sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, torí kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè dúró gírígírí fún ìṣẹ́jú-àáyá 4. Ẹni tí kò ní sítáńdì lè bu iyanrìn sínú àpò ìrẹsì kékeré, kó gbé e lé orí ògiri ilé tàbí fẹ́ǹsì, kó sì tẹ kámẹ́rà mọ́ ọn. Bí lẹ́ńsì bá ní bọ́tìnnì tó ń dènà gbígbọ̀n ọwọ́, ẹ pa ìyẹn náà, nítorí lórí sítáńdì, òun fúnra rẹ̀ lè dá gbígbọ̀n sílẹ̀.

Ojú lẹ́ńsì ni ẹ máa tọ́jú ṣáájú ohun gbogbo mìíràn. Kí iná tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ìmọ́lẹ̀ kan tó jìnnà, bí iná pupa orí òpó tẹlifóònù, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì mú un kó dán, ẹ fi gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà fẹ̀ ẹ́ lójú kí ẹ rí i pé ó mú ṣánṣán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí bọ́tìnnì ara lẹ́ńsì sí MF, kí lẹ́ńsì má bàa máa wá ojú fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi máa ń lẹ téèpù pélébé mọ́ ọn. Ohun kan tún wà tó máa ń bí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí nínú: àwọn kámẹ́rà kan, bí wọ́n bá ti ya àwòrán tó pẹ́, wọ́n á ti ojú pa fún iye àkókò kan náà láti fọ àwòrán mọ́. Bí kámẹ́rà bá ń ṣe èyí, ẹ̀yin á máa wo iná tó rẹwà jù lọ pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa á nínú àkójọ ètò rẹ̀.

Ìgbà wo ni ká tẹ̀ ẹ́? Ojú ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ má tẹ̀lé etí. Ohùn ń rìn tó mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá wà ní ibi tó jìnnà tó ìwọ̀n mítà 340 sí ibi tí wọ́n ti ń yìn ín, ìró tí ẹ gbọ́ ti pẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko, òdòdó sì ti tú. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbéra láti ilẹ̀, ẹ ṣí i nígbà náà. Bí ewé òdòdó bá ti rọ tí ó ń kú lọ, ẹ tì í. Kámẹ́rà tó bá ní B, ìyẹn ibi tí ojú rẹ̀ á wà ní ṣíṣí bí ọwọ́ yín bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì, ló dára jù fún èyí, pàápàá bí wáyà tàbí rìmóòtù bá wà tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ lókèèrè.

Nínú B yìí ni ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, kò sì ná yín ní nǹkan kan ju páálí dúdú lọ. Ẹ ṣí ojú kámẹ́rà, ẹ gba òdòdó kan wọlé, ẹ rọra gbé páálí dúdú síwájú lẹ́ńsì láìkàn án, ẹ má tì í. Bí òmíràn bá gbéra, ẹ yọ páálí kúrò. Bí ó bá kú, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn òdòdó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ tì í. Gbogbo wọn á wà nínú àwòrán kan, ojú sánmà á sì ṣì dúdú, nítorí páálí ti dí ìmọ́lẹ̀ ìlú lọ́wọ́ ní gbogbo àsìkò tí iná kò sí.

Ní ti fóònù, èyí tó bá ní ètò "Pro" tó jẹ́ kí ènìyàn yan ISO àti àkókò lè ṣe é, ṣùgbọ́n ihò lẹ́ńsì ọ̀pọ̀ wọn tóbi, kì í sì yí padà. ISO rẹ̀ tó kéré jù ni kí ẹ lò.

Ọyẹ́ ní àbùkún, ó sì ní wàhálà tirẹ̀. Láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ dúró, kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn yín kó máa gbé èéfín lọ sí òdìkejì. Àwọn iná àkọ́kọ́ ni kí ẹ má fi ṣeré, torí lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ èéfín á ti kún, òdòdó tó kàn á sì dà bí ohun tó wà nínú kùrukùru. Eruku tó wà láfẹ́fẹ́ ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlú dání, ojú sánmà á máa pọ́n. Bí kò bá wá sí iná mànàmáná ládùúgbò lóru náà, ayàwòrán nìkan ni inú rẹ̀ máa dùn: òkùnkùn biribiri ni ilẹ̀ tó dára jù fún iná.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀tù ló ń gbé iná náà gòkè, irú ohun tí ọdẹ wa ń rọ sínú ṣakabùlà. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń po ó, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń mú àwọ̀ wá: strontium ló ń pọ́n, barium ló ń mú àwọ̀ ewé wá, sodium tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ ló ń mú yẹ́lò wá, magnesium àti aluminium ló ń funfun. Irin àti èédú ló ń mú àwọ̀ wúrà wá, irin tó wà nínú kànìnkàn àwọn ọmọdé náà ni. Èyí tó le jù ni búlúù tí bàbà ń mú wá, torí bí iná bá gbóná jù, àwọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé bí ihò lẹ́ńsì bá tóbi jù, gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí á di funfun nínú àwòrán, iṣẹ́ àwọn tó pò ó á sì ṣòfò. Bí ẹ bá rí i pé àárín ìlà iná ti funfun, ẹ lọ láti f/8 sí f/11, tàbí f/16. Èyí ni oore ńlá tí kámẹ́rà òde òní ṣe wá. Láyé fíìmù, ẹni tó ya iná lóru gbọ́dọ̀ dúró títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́ ní sítúdíò kó tó mọ̀ pé ó ti jóná. Ní báyìí, ẹ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ́yìn àwòrán kejì, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀yọ́ ní iná tirẹ̀ tó ju ti oṣù Kejìlá lọ. Ìlú Ṣàngó ni. Ọdún Ṣàngó tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ ni UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé lọ́dún 2023. Àwọn tó bá ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó, tó dirun, tó di oṣé mú, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, mọ̀ pé ó wu ayàwòrán. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà tí mo ti ń là sílẹ̀ láti òkè wá kò ti ní ṣiṣẹ́. Ojú ènìyàn wà níbẹ̀, ojú náà sì ń yí. Bí ẹ bá ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú-àáyá 4, ẹlẹ́gùn á di òjìji. Níbẹ̀, ẹ padà sí eré sísá: ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú-àáyá, ISO 1600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ihò lẹ́ńsì sì tóbi. Fláàṣì kò gbọ́dọ̀ tàn, torí yóò pa àwọ̀ iná, iná ẹnu rẹ̀ sì tó láti tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ni ọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀sìn ni ẹ wá bá wọn, kì í ṣe àríyá.

Mànàmáná tí í ṣe ti Ṣàngó Olúkòso, ọ̀nà ti iná ojú ọ̀run la fi ń yà á. ISO 100, f/8, ojú kámẹ́rà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 tàbí 30, ẹ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe, títí ọ̀kan á fi là níwájú yín. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó láti dúró dè é kó tó tẹ bọ́tìnnì. Òjò oṣù Kẹrin àti ti oṣù Kẹsàn-án ló dára jù fún un. Láàrin mànàmáná àti àrá, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá: mẹ́ta mẹ́ta ló ń jẹ́ kìlómítà kan. Bí kò bá tó 30, ó ti sún mọ́ yín jù, inú ilé ni kí ẹ wà, kí ẹ máa yà á láti ojú fèrèsé. Ẹ má lọ sórí òrùlé tàbí abẹ́ igi nítorí àwòrán.

Ewu tún wà ní ti nọ́kàótù. Lọ́dọọdún ni àwọn ọlọ́pàá máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀, mi ò sì bá wọn jiyàn, torí nínú ọyẹ́, koríko gbẹ, òrùlé gbẹ, jẹnẹrétọ̀ àti bẹntiróòlù sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé. Kí ayàwòrán má jẹ́ ẹni tó ń ṣáná. Kí ó lọ síbi tí àwọn tó gbàṣẹ ti ń ṣe é, kó sì jìnnà síbẹ̀. Jíjìnnà náà ló ń mú àwòrán dára. Òdòdó iná nìkan nínú òkùnkùn lè jẹ́ ti ìlú èyíkéyìí láyé. Ṣùgbọ́n bí òrùlé páànù bá tẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀, tí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí ààfin Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà, yọrí, tí orí àwọn ènìyàn tó wòkè hàn dúdú nísàlẹ̀, a ti mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

Nítorí ìyẹn, ẹ tètè dé ibẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago méje alẹ́ tó lù. Láàrin ìgbà tó wọ̀ àti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú pátápátá, ojú sánmà á dúdú díẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ilé á ti yọ, òrùlé á ṣì hàn. Ẹ gbé sítáńdì kalẹ̀, ẹ ya ìlú náà nígbà yẹn, ẹ má sì gbé sítáńdì kúrò níbẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́. Bí iná bá dé, tí òkùnkùn ti bo àwọn ilé jù, ẹ lè so àwòrán méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, torí ojú kan náà ni ẹ ti yà wọ́n. Àwọn kan kà á sí màgòmágó. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀, bí ayàwòrán bá ti lè sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé àsopọ̀ ni.